Pọ̀nmọ́ Kọ́ Ni Ó Pa Ilé Iṣẹ́ Awọ

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, Muhammad Yakubu, tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ fún ìmọ̀ nípa iṣẹ́ awọ ní Zaria, sọ fún àwọn oníròyìn pé àwọn ilé iṣẹ́ tí ó ń sọ awọ tútù di awọ bàtà ní Nàìjíríà ti dákú, àti pé ìfẹ́ tí àwa ọmọ Nàìjíríà ní sí pọ̀nmọ́ wà lára ohun tí ó dá wọn kú. Ó ní pọ̀nmọ́ kò ṣe ara lóore kankan. Ó ní àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn yóò gbé e lọ sí iwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin àti àwọn ìjọba ìpínlẹ̀, kí a lè fi òfin dá wa lẹ́kun jíjẹ rẹ̀.

Ẹ̀rín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi gba ọ̀rọ̀ yìí, àwọn aláwàdà sì jẹun níbẹ̀. Èmi kò rò pé ẹ̀rín tó o. Ìtàn ni ọ̀gá náà pa fún wa, ìtàn tí ó ní òkú, tí ó ní apànìyàn, tí ó sì ní ìdájọ́. Òkú ni ilé iṣẹ́ awọ. Apànìyàn ni obìnrin tí ó gbé abọ́ pọ̀nmọ́ ka iwájú lọ́jà àti ẹni tí ó ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdájọ́ ni òfin tí a fẹ́ ṣe. Iṣẹ́ lámèyítọ́ ni láti bi irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ní ìbéèrè kí a tó gbà á gbọ́: kí ni ó fi sílẹ̀ láìsọ, ǹjẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì bá ìparí rẹ̀ mu? Bí ó bá jẹ́ ìwé ìtàn àròsọ ni a gbé ka iwájú wa, a kò ní ṣàì béèrè bẹ́ẹ̀. Èmi kò rí ìdí tí a ó fi fojú fo ìtàn tí ó fẹ́ di òfin.

Mo fẹ́ kí a dúró sí Ìjọra Badia kí a wo ìtàn náà. Ó lè ya òǹkàwé lẹ́nu, nítorí Kánò ni àwọn ilé iṣẹ́ tí à ń sọ̀rọ̀ wọn pọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ojú irin tí ó ti Èbúté Mẹ́ta wọ Àpápá gba Badia kọjá. Ní ọdún 1912 ni ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í ná Èkó sí Kánò. Ní ọdún 1926 ni èbúté ńlá Àpápá ṣí. Láti ìgbà náà ni ẹ̀pà àti awọ ilẹ̀ Haúsá ti ń gba orí ilẹ̀ àbàtà yìí lọ sínú ọkọ̀ òkun. Badia sì tún jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí pọ̀nmọ́ ti ń ṣe iṣẹ́ ẹran nínú ìkòkò ọbẹ̀. Olùfisùn àti ẹni tí a fi sùn pàdé níbẹ̀, bí a bá lè sọ ọ́ báyìí.

Kí ojú irin tó dé, aṣálẹ̀ ni awọ Kánò ń là kọjá. Heinrich Barth, ará Jámánì tí ó dé Kánò ní ọdún 1851, ka awọ tí a ti ṣe àti sálúbàtà mọ́ ọjà tí ìlú náà ń tà fún àwọn ìlú òkèèrè. Lórí ràkúnmí ni wọ́n fi ń dé etí òkun àríwá, wọ́n a sì ti ibẹ̀ wọ ilẹ̀ àwọn òyìnbó, tí wọ́n sọ ọ́ ní awọ Mọ̀rókò nítorí pé ọwọ́ àwọn ará Mọ̀rókò ni wọ́n ti rà á. Orúkọ yẹn kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn tí ó ń di ìwé títí di òní. Ọkọ̀ ojú irin ni ó yí ojú awọ padà kúrò níhà aṣálẹ̀ sí ìhà òkun. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun kan. Awọ tí ràkúnmí ń gbé jẹ́ awọ tí ọwọ́ aláwọ ti kàn, tí wọ́n ti rẹ, tí wọ́n ti fá, tí wọ́n ti kùn. Èyí tí àwọn ilé ìṣòwò òyìnbó ń rà láti fi ọkọ̀ ojú irin kó lọ sí Àpápá, awọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó tí a sá gbẹ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kí àwọn ilé iṣẹ́ ti ọ̀hún lè rí nǹkan ṣe. Ẹni àkọ́kọ́ tí ó já awọ gbà lọ́wọ́ aláwọ Kánò, kì í ṣe alásè. Lẹ́yìn òmìnira ni ìjọba tiwa tó wá fi òfin de kíkó awọ tútù jáde, ìtàn tí a pa fún wa ní ọdún 2022 kò sì mẹ́nu ba gbogbo èyí.

Kí ni ilé iṣẹ́ awọ tilẹ̀ ń ṣe? Ọ̀pọ̀ nínú wa tí ó ń wọ bàtà kò dé ibẹ̀ rí. Awọ tútù kò yàtọ̀ sí ẹran: bí a bá fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, yóò rà. Ní Majema, àdúgbò àwọn aláwọ nínú ìlú Kánò àtijọ́, inú kòtò omi eérú ni wọ́n ti ń rẹ ẹ́ títí irun rẹ̀ yóò fi tú. Wọn yóò gbé e ka orí igi, wọn yóò fi ọ̀bẹ fá irun àti ọ̀rá kúrò lára rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò rẹ ẹ́ sínú omi tí wọ́n po ìmí ẹyẹlé sí, kí agbára eérú lè kúrò lára rẹ̀, kí ó sì rọ̀. Ìgbà náà ni ó kan èso bagaruwa, igi ẹlẹ́gùn-ún kan tí ó pọ̀ ní ilẹ̀ Haúsá. Wọn yóò gún èso náà, wọn yóò pò ó mọ́ omi, awọ yóò sì gbé inú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Oje kíkan inú èso yìí ni ó ń sọ ohun tí ì bá rà di ohun tí kì í rà mọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ó pupa, pòròpórò ọkà bàbà ni wọ́n fi ń rẹ ẹ́. Wọn yóò fi òróró pa á, wọn yóò sì máa fi ọwọ́ rin ín títí yóò fi rọ̀ bí aṣọ. Ó ń rùn, kò sí ọgbọ́n tí a lè dá sí i. Nínú ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, etí òkun ni ilé Símónì aláwọ wà; mo rò pé àwọn ará Jópà mọ ìdí rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, iṣẹ́ yìí kò ní ilé tirẹ̀. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, jẹ́ kí a mọ̀ pé láyé àtijọ́ àwọn oníṣọ̀nà awọ fúnra wọn ni ó ń ṣe awọ tí wọ́n ń lò. Àgbàlá ẹni tí ó ń rán gàárì, apó, àkọ̀ idà àti tìmùtìmù náà ni ìkòkò awọ rẹ̀ wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí ọgbọ́n wọn dé, kí ó wo làbà Ṣàngó, àpò awọ tí àwọn onísàngó máa ń gbé kọ́ èjìká bí wọ́n bá ń lọ sí ilé tí àrá sán sí. Ọwọ́ àwọn oníṣọ̀nà awọ Ọ̀yọ́ ni ó ti ń wá. Ojú mẹ́rin ni wọ́n pín iwájú rẹ̀ sí, ojú kọ̀ọ̀kan sì ní àwòrán kan tí ó dà bí ènìyàn tí ó ń jó, tí ó sì dà bí mànàmáná. Joan Wescott àti Peter Morton-Williams kọ àpilẹ̀kọ kan lé e lórí ní ọdún 1962, níbi tí wọ́n ti wá ìtumọ̀ àwòrán wọ̀nyí kiri. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tí ó gba àfiyèsí mi lára làbà kò sí nínú àwòrán rẹ̀. Ẹni tí ó rẹ awọ rẹ̀ sínú ìkòkò ti mọ irú ẹni tí yóò gbé e kọ́ èjìká kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Kò rẹ awọ fún ẹni tí kò mọ̀.

Ìdí nìyí tí ìkòkò awọ Ọ̀yọ́ fi gbẹ nígbà tí ó gbẹ. Ogun parí, ẹṣin kò jáde lọ mọ́, ìbọn ti gba ipò ọfà, àwọn tí ń gbé làbà sì ń dín kù. Gàárì àti apó kò rí ẹni tí yóò béèrè wọn. Kò sí pọ̀nmọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Iṣẹ́ awọ tí ó kù lọ́wọ́ wa tí kò gbẹ ni ti àwọn onílù, nítorí pé dùndún ṣì ń lọ sí òde ìyàwó àti òde òkú; awọ ọmọ ewúrẹ́ ni wọ́n fi ń bo ojú rẹ̀, awọ ni wọ́n sì fi ń ṣe ọṣán tí ó ń fa ohùn rẹ̀. Ibi tí oníbàárà bá wà ni aláwọ máa ń wà.

Mo ti dárúkọ ewúrẹ́, ibẹ̀ ni ìtàn ọ̀gá náà sì ti ya. Awọ kí ni pọ̀nmọ́? Awọ màlúù ni. Awọ kí ni àwọn ilé iṣẹ́ Kánò fi lókìkí? Awọ ewúrẹ́ ni, àti ti àgùntàn. Ewúrẹ́ pupa ti Sókótó ni àwọn oníbàtà àti alápò Ítálì àti Sípéènì ń wá. Nínú awọ tí Nàìjíríà ti ń ṣe tà fún òkè òkun láti ọdún pípẹ́, ti ewúrẹ́ àti ti àgùntàn ni ó pọ̀ jù lọ. Lóòótọ́, níhà ọ̀dọ̀ wa níbí, a máa ń fi iná ra ewúrẹ́, a sì ń jẹ ẹ́ tawọtawọ. Ṣùgbọ́n ní òkè Ọya, bíbó ni wọ́n ń bó o, kò sì sí ẹni tí ó gbé awọ rẹ̀ wá sí ọjà Boundary ní Ajégúnlẹ̀ láti tà á ní pọ̀nmọ́. Bí ilé tí ó ń lo awọ ewúrẹ́ bá ti ilẹ̀kùn, tí a wá lọ mú ẹni tí ó ń jẹ awọ màlúù, ẹran ọ̀tọ̀ ni a so mọ́ ẹ̀sùn náà.

N kò sọ pé kò sí òótọ́ kankan nínú ohun tí ó sọ. Awọ màlúù nípọn; òun ni ó yẹ fún àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà, ìgbànú, àti bàtà àwọn ológun. Aláwọ tí ó bá fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ san ju ohun tí oníṣòwò pọ̀nmọ́ yóò san lọ, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sì lè san án. Ìyẹn ṣòro fún un, mo gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni méjì bá dúró ní ìsọ̀ kan náà, tí èkíní kò lè san tó èkejì, ìbéèrè tí ó tọ́ ni pé kí ni ó sọ ọwọ́ èkíní di kúkurú. Awọ tí a ti ṣe tán, tí a sọ di bàtà, ó yẹ kí ó lówó lórí ju awọ tí a sun tí a sè lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ fún aláwọ wa, àárín ìkòkò rẹ̀ àti ọjà ni owó náà ti sọ nù.

Ta wá ni ó gbé e? Mo rò pé wọ́n pọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tí ó dìde ní Bompai, Sharada àti Challawa ní Kánò kò lo bagaruwa àti eérú mọ́. Àwọn kẹ́míkà tí ó ń ti òkè òkun wá ni wọ́n ń lò. Nígbà tí ètò SAP bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1986 tí náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, owó kẹ́míkà wọ̀nyí gòkè. Lóòótọ́, ìwálẹ̀ náírà kan náà mú kí awọ wọn rọrùn láti tà lóde, àwọn kan sì rí jẹ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. SAP kì í ṣe ọ̀tá wọn pátápátá. Ìjọba ní ètò ìrànwọ́ owó kan fún àwọn tí ó ń ta ọjà sí òkè òkun, àwọn aláwọ sì gbójú lé e gidigidi. Ní ọdún 2014, ètò náà ti dá dúró. Ó di ọdún 2017 kí a tó tún gbé e dìde. Ilé iṣẹ́ tí ó bá ti ṣírò èrè rẹ̀ mọ́ ìlérí ìjọba, ẹ lè fojú inú wo bí ọdún mẹ́ta ti pẹ́ tó fún un.

Ti iná mànàmáná ńkọ́? Ìgbá tí a ń fi ẹ̀rọ yí awọ nínú rẹ̀ kì í dúró láìbàjẹ́ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, nítorí náà dísù ni olúkúlùkù ń rà. Ẹni tí ó bá wà ní Badia kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Ìjọra ni ilé iṣẹ́ mànàmáná tí ó ń fún Èkó níná láti ọdún 1923 wà, ibẹ̀ náà sì ti dákẹ́ tipẹ́. Kò sí ẹni tí ó sọ pé oúnjẹ kan ni ó pa á.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un tí àwọn onílé iṣẹ́ kò fẹ́ gbọ́. Omi tí ó ń jáde láti inú ilé iṣẹ́ wọn ti ba odò Challawa jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn àgbẹ̀ àti apẹja etí odò náà ni ó sì jìyà rẹ̀. Nígbà tí a bá ń ṣọ̀fọ̀ ilé iṣẹ́ awọ, ó dára kí a rántí pé kì í ṣe gbogbo aládùúgbò rẹ̀ ni ó sunkún tẹ̀lé e. Ní ti bàtà, ẹnu èbúté Àpápá tí awọ ń gbà jáde náà ni bàtà òkìrìkà àti bàtà Ṣáínà ń gbà wọlé. Ọmọ Ajégúnlẹ̀ tí ó bá fẹ́ ra bàtà kì í béèrè ibi tí awọ rẹ̀ ti wá, nítorí pé ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò ní awọ lára rárá.

Ó ku ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn. Ní ọdún 1973, ìjọba àpapọ̀ kó àwọn ará abúlé Olúwọlé kúrò lórí ilẹ̀ wọn ní Ìgànmú, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kọ́ Gbọ̀ngàn Ìṣeré Orílẹ̀-èdè sí, èyí tí a fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè láti ọdún 2024. Badia ni wọ́n fún ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ààyè, lórí àbàtà. Ní ọdún 1977, FESTAC kún gbọ̀ngàn náà. Ní Kàdúná, níbi ayẹyẹ ẹlẹ́ṣin tí wọ́n ṣe fún àjọ̀dún kan náà, awọ Kánò àti Sókótó tàn lára àwọn ẹṣin bí wúrà. Ọwọ́ àwọn aláwọ ni gbogbo ayé ń wò lọ́jọ́ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹṣin ni wọ́n rò pé àwọn ń wò. A mọ bí a ṣe ń fi awọ hàn, a sì mọ bí a ṣe ń kọ́ ilé fún àṣà. Ẹni tí ó ń rẹ awọ àti ẹni tí a lé kúrò lórí ilẹ̀ kò sí nínú ètò ayẹyẹ náà. Ní ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 2013, katakata ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó wọ Badia ìhà ìlà-oòrùn. Àjọ Amnesty International ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ènìyàn 9,000 ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Wọ́n tún padà wó ilé níbẹ̀ ní ọdún 2015.

Àwọn wọ̀nyí ni a ní kí wọ́n fi pọ̀nmọ́ sílẹ̀ nítorí ilé iṣẹ́ awọ. Ọ̀rọ̀ pé kò ṣe ara lóore kankan pàápàá ti kọjá ààlà. Èròjà amúnidàgbà wà nínú rẹ̀, bí kò tilẹ̀ pé bíi ti ẹran, ẹyin tàbí ẹ̀wà. Ìyá tí ó gbé e sínú ẹ̀fọ́ tàbí gbẹ̀gìrì kò tan ara rẹ̀ jẹ pé ẹran ni. Ó mọ iye tí ẹran jẹ́. Ó fi pọ̀nmọ́ sí i kí ọmọ lè rí nǹkan jẹ lẹ́nu, kí ọbẹ̀ má baà dà bí ọbẹ̀ aláìsàn. Olówó náà sì ń jẹ ẹ́, ní àwọn òde ìnáwó, pẹ̀lú ọtí tútù, ṣùgbọ́n olówó lè fi sílẹ̀ lọ́la kí ó mú ẹja. Òfin tí ó bá de pọ̀nmọ́ kò ní dé inú àwo àwọn méjèèjì bákan náà.

Bí àwọn aṣòfin bá sì ń wá ohun tí wọ́n yóò bá wí nínú ọ̀rọ̀ pọ̀nmọ́, ohun gidi wà nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ra màlúù níná ń fi taya ọkọ̀ dá iná rẹ̀ nítorí pé ó yá ju igi lọ, èéfín rẹ̀ a máa kó májèlé sínú awọ àti sínú imú ẹni tí ó ń sun ún. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí àrùn anthrax pa ènìyàn ní Ghana, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ètò ọ̀gbìn kìlọ̀ fún wa pé kí a yẹra fún pọ̀nmọ́ fún ìgbà kan. Oṣù kejì rẹ̀ ni a rí àrùn náà lára àwọn ẹran ọ̀sìn ní agbègbè Suleja, ní ìpínlẹ̀ Niger. Ìkìlọ̀ tí ó ní ìtumọ̀ ni èyí, nítorí pé ẹni tí yóò jẹ ẹ́ ni ó ń ṣàánú. Obìnrin tí ó ń ra pọ̀nmọ́ ní ẹ̀gbẹ́ ojú irin ní Badia kò sí níbi tí wọ́n ti sun ún. Kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀, wọ́n ti fá a, wọ́n ti sè é, wọ́n ti rẹ ẹ́ sómi títí ó fi wú, kò sì sí bí ó ṣe lè mọ̀ bóyá igi ni wọ́n fi dá iná rẹ̀ tàbí taya.